Àwọ̀ Àpótí Nana Dufie

Bí ẹ bá gbọ́ pé mo máa ń bínú, òótọ́ ni. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ló fà á. Yaw Nsiah, àbúrò mi, ló ń gbẹ́ àpótí ìjókòó ní ìlú Ahwiaa níbí, àmọ́ èmi Abena Pokuaa ni mò ń fi ewé ìpín dán an, èmi ni mò ń fún un ní àwọ̀. Gbígbẹ́ kì í fa wàhálà. Àwọ̀ ni ìjà. Ẹni tó ti mọ ohun tó fẹ́ láti ilé, bó bá dé iwájú ògiri mi, tó rí àwọn pákó kéékèèké tí mo kùn ní oríṣiríṣi tí mo so kọ́ síbẹ̀, ojú rẹ̀ á pòòyì. Á ní, "Ṣé eléyìí ò pọ́n jù báyìí?" Á ní, "Ẹ jẹ́ n lọ bi ìyàwó mi ná." Lọ bi í, jọ̀ọ́, kí o sì jókòó tì í níbẹ̀.

Inú ọyẹ́ ni Nana Dufie dé. Ọyẹ́ ọdún yẹn nípọn débi pé a kì í rí òdìkejì títì lọ́sàn-án gangan. Ohùn làá kọ́kọ́ gbọ́, kí ẹni tó ni ín tó yọ. Eruku igi inú ṣọ́ọ̀bù wa ń fò kiri nínú ìmọ́lẹ̀, kò fẹ́ balẹ̀. Mo ti ń tòògbé lórí iṣẹ́ ọwọ́ mi nígbà tí mo gbọ́ tí ẹnìkan ní, "Ṣé ibí ni wọ́n ti ń fún àpótí láwọ̀?" Mo lajú, mo rí ìyá arúgbó kan, tẹ́ẹ́rẹ́, ó gé irun mọ́lẹ̀, ó fi aṣọ kọ́ èjìká. Kò kọ́kọ́ dá mi lójú pé ènìyàn ni.

Yaw ló mọ̀ ọ́n. Ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀ kíá, ó tẹrí ba. "Nana, ẹ káàbọ̀ o. Ẹ̀gbọ́n, Nana Dufie nìyí, ọhemaa ìlú Nkwantapa, ìyáọba wọn. Àwọn ló ni àpótí sésé tí mo gbẹ́ parí lọ́sẹ̀ tó kọjá."

Mo mọ àpótí náà. Igi sésé funfun báláú, Yaw sì gbẹ́ ẹ dáadáa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ìjókòó rẹ̀ tẹ̀ wọnú bí àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó fẹ́ gba nǹkan.

"Àwọ̀ wo lẹ fẹ́, Nana?"

"Kí lo ní?"

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í já pákó kọ̀ọ̀kan fún un láti ara ògiri. Mo fi èyí tí mo fi òrí pa hàn án, tó rí bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Mo fi ti epo tí mo yan hàn án, tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Ti pólíìṣì bàtà wà ńbẹ̀, èyí tí àwọn òyìnbó fẹ́ràn, tí wọ́n rò pé ó ti pẹ́ láyé. Ti fáníìṣì wà ńbẹ̀, tó ń dán gbinrin. Mo wá fi funfun lásán hàn án, tí mo kàn fi yanrìn àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀, torí òun ni àwọn àgbà bíi tirẹ̀ sábà máa ń mú.

Kò wo ọ̀kankan nínú wọn. Ó dijú, ó gbé wọn sí imú. Ti òrí, ó ní, "Ìyá mi nìyí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ fún mi tán ni." Ti epo, ó rẹ́rìn-ín, kò sọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Ìgbà tó kan ti fáníìṣì ló lajú, ó sì rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

"Ta nìyí?"

"Ẹ̀yin ni, Nana."

"Irọ́ ńlá," ló wí, ó sì dá a padà fún mi.

Kò mú nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Ó padà wá lọ́jọ́ kejì, ó tún wá lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Ọ̀dọ̀ ìbátan rẹ̀ kan nítòsí wa ló dé sí. Bó bá ti gbóòórùn àwọn pákó náà tán, á jókòó sórí èérún igi tí Yaw ti gbẹ́ dànù, á sì sùn lọ. Èmi á máa dán àpótí lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ewé ìpín á máa dún ṣìṣì, ṣìṣì. Nígbà mìíràn á jí láàárín ọ̀rọ̀, á ní, "... àmọ́ odò náà ti gbẹ kí a tó dé ọ̀hún," á sì máa sọ ọ́ lọ bí ẹni pé mo ti gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé nígbà mìíràn ó máa ń dà bíi pé mo ti gbọ́ ọ lóòótọ́. Mi ò mọ èwo nínú àwa méjèèjì ló ń lálàá. Èmi tí mo máa ń lé oníbàárà tó bá pẹ́ jù, mi ò lé e.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jí, ó nu ojú, ó ní, "Dúdú."

"Ẹ̀n?"

"Mo ní dúdú ni mo fẹ́. Èéfín tó dì mọ́ àjà ilé ìdáná, kí o fi ẹyin pò ó. O gbọ́ mi dáadáa."

Àáké bọ́ lọ́wọ́ Yaw. Mo ní, "Nana, ta ló kú?"

Ìbéèrè tó yẹ kí n bi í nìyẹn. Níhìn-ín, funfun ni àpótí alààyè. Bí ọba tàbí ìyáọba bá kú, tó bá kú sórí oyè, ìgbà yẹn ni wọ́n ń kun tiẹ̀ ní dúdú, kí wọ́n lè máa gbé iṣu tí wọ́n fi ẹyin pò síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ Adae, ọjọ́ tí a ń bọ àwọn baba ńlá, kí wọ́n máa pe orúkọ rẹ̀. Ká wá kun ún nígbà tí ẹni tó ni ín ṣì ń mí? Kò sẹ́ni tó dán irú ẹ̀ wò rí tí mo gbọ́.

"Èmi ló fẹ́ kú," Nana dáhùn. "Kò tíì yá ni."

Yaw ti ń wá sálúbàtà rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, èmi ò sí ńbẹ̀ o! Ojú mi ò rí i, etí mi ò gbọ́ ọ." Ó sì gba ọ̀dọ̀ ẹlẹ́mu lọ, ọyẹ́ gbé e mì.

Mo bínú. Mo ní, "Nana, ẹ má jẹ̀ẹ́ n rí'bi. Gbogbo àwọ̀ ayé yìí, èyí tó máa pa mí lẹ wá mú?"

"Jókòó, Abena. Ọmọ mélòó lo bí?"

"Mi ò bí."

"Èmi bí ọ̀kan. Ó ti lọ." Ó fọwọ́ pa ìjókòó àpótí náà. "Ọba wa wàjà. Bàbá Fosu, olórí àwọn àgbà wa, fẹ́ kí n dárúkọ Amponsah fún ipò, nítorí ẹnu mi nìkan ló lè dárúkọ ọba. Mo ní mi ò gbà. Amponsah tó ta etí odò fún àwọn tó ń wa góòlù nígbà tí kò tíì jẹ nǹkan kan, bó bá wá jọba ńkọ́? Wọ́n ní tí mi ò bá gbà, àwọn á yọ àpótí lábẹ́ mi kí Adae yìí tó kọjá. Ẹni tí wọ́n bá yọ, tó bá kú, ṣé wọ́n ń kun àpótí tiẹ̀?"

"Rárá, Nana."

"Ṣé wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀?"

"Wọn kì í pè é."

"Ta ló máa wá pe tèmi?"

Mo ní, "Òkú ò mọ iye tí a ra àgọ̀, Nana."

"Òkú ò mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo wà láyé mọ̀ ọ́n, kì í sì í jẹ́ kí n sùn nílé. Ibí nìkan ni mo ti ń rí oorun sùn." Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. "Bó bá ti dúdú, kò sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀ láti fà á lábẹ́ mi. Ta ló ń yọ ẹni tó ti di baba ńlá?"

Àánú rẹ̀ ṣe mí dé egungun. Kì í sì ṣe tirẹ̀ nìkan, ká má tan ara wa. Mo bi ara mi pé èmi Abena, lọ́jọ́ tí mo bá lọ, ta ló máa pè mí? Mo dìde, mo wọ ilé ìdáná.

Obìnrin tó bá ṣì ń rí nǹkan oṣù rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ àpótí dúdú, àmọ́ ìyẹn ti dá lára mi tipẹ́. Mo ha èéfín àjà sínú àwo. Mo fọ́ ẹyin, mo ṣà á, pupa rẹ̀ nìkan ni mo lò, mo pò ó títí ó fi ń fà. Mo fi àkísà bẹ̀rẹ̀ sí í pa á láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Igi sésé ń mu ún bí ẹni tí òǹgbẹ ń gbẹ; mi ò tíì rí igi tó gba àwọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Nana ń kùn yùnmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, orin tí mi ò mọ̀. Mi ò rántí pé ó rẹ̀ mí. Nígbà tí mo gbójú sókè, funfun ti tán. Mo ní kó jókòó lé e nígbà tó gbẹ, mo sì bi í bó ṣe rí lára rẹ̀.

"Ó tutù," ló wí.

Ó gbé e lọ sílé. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò gbádùn mọ́. Oníbàárà á dé, á ní òun ò mọ èyí tóun máa mú, mi ò ní lè bú u pàápàá. Ìgbà tí Adae dé, mo wọ mọ́tò, mo gba Nkwantapa lọ.

Ọyẹ́ bo ìlú náà. Mo rìn wọ agbo ilé ọba, kò sẹ́ni tó bi mí pé níbo ni mo ti wá. Nana wà láàárín àgbàlá, lórí àpótí dúdú, nínú aṣọ funfun. Bàbá arúgbó kan tó sanra bọ́ sálúbàtà, ó rọ aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ dé ìbàdí, ó ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ pẹ̀lú àwo iṣu lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé Fosu nìyẹn. Mo rò pé ìjà dé. Ṣe ló kúnlẹ̀. Ó bu iṣu sí etí àpótí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan Nana, ó ta ọtí sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Nana Akua Dufie, wá gba iṣu jẹ. Má jẹ̀ẹ́ kí a rí ibi. Fún wa lọ́mọ, fún wa lówó."

"Fosu, dìde ńlẹ̀ jàre!" Nana wí. "O fẹ́ fi iṣu dí mi lẹ́nu ni?"

Kò sẹ́ni tó gbójú sókè.

"Nana, a wá sọ fún ọ pé a ti fi Amponsah jọba."

"Mi ò gbà! Ta ló dárúkọ rẹ̀? Mo ní mi ò gbà!"

"Nana ti gbọ́," Fosu wí.

"Ó ti gbọ́," gbogbo wọn dáhùn.

Mo wo ẹnu Fosu dáadáa bóyá ó ń rẹ́rìn-ín. Mi ò rí ẹ̀rín níbẹ̀. Ká ní ó rẹ́rìn-ín, ǹ bá mọ̀ pé olè ni, ǹ bá sì gbá a létí lójú gbogbo wọn. Ẹ̀rù ló wà lójú rẹ̀, ẹ̀rù gidi, irú èyí tó ń ba ènìyàn níwájú òkú. Nana kígbe títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó nawọ́ sí obìnrin kan, ó ní, "Ama Konadu! Ìwọ tí o máa ń bú mi láràárọ̀ lórí adìyẹ, dá mi lóhùn!" Obìnrin náà fi ẹ̀yìn rìn kúrò, ó bo ojú. Oúnjẹ wà nílẹ̀, ọtí wà nílẹ̀, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, kò sì sí ojú kan ṣoṣo tó bá tirẹ̀ pàdé.

Ló bá rí mi. "Abena? Ìwọ rí mi?"

"Mo rí yín, Nana." Mo sún mọ́ ọn.

Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná. "Fọ̀ ọ́," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, fọ̀ ọ́ fún mi." Òun, ìyáọba, ló ń sọ "ẹ jọ̀ọ́" fún mi.

A gbé àpótí náà padà sí Ahwiaa, kò sẹ́ni tó dá wa dúró. Mo fi yanrìn fọ̀ ọ́, mo fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, mo fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́ títí ọwọ́ mi fi bó. Kò lọ. Ẹyin ti dì í mú, igi ti mu ún yó.

Yaw dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣebí mo sọ?"

"O ò sọ nǹkan kan, o sá ni. Mú àáké wá."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Èérún dúdú ń bọ́ sílẹ̀, dúdú mìíràn ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Ó bó ìjókòó, ó bó òpó, ó bó ìdí. Àpótí náà ń kéré sí i lójú wa. Yaw dúró, ó nu òógùn.

"Nana, ó ti ń kúrú jù. Bẹ́ ẹ bá jókòó lé èyí láàárín àwọn àgbà, orúnkún wọn lẹ máa máa wò."

"Máa bó o, Yaw."

Mo jókòó ti Nana lórí èérún igi. Mo ní, "Nana, ẹ ṣáà mọ̀ pé bí ẹ bá gbé e dé ilé ní funfun, wọ́n á yọ yín?"

"Mo mọ̀."

"Tí wọn ò sì ní pe orúkọ yín mọ́ láéláé?"

"Abena, wọ́n ń pè é báyìí. Mo ń dáhùn, wọn ò gbọ́. Kí ni mo fẹ́ fi irú ìpè bẹ́ẹ̀ ṣe?" Ó mí kanlẹ̀. "Amponsah ló fi dúdú mi jọba. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi pa ẹnu mi mọ́. Jẹ́ kí wọ́n yọ mí, àmọ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ kí wọ́n gbọ́."

Funfun yọ nígbẹ̀yìn. Àpótí náà ò ga ju èyí tí wọ́n ń jókòó lé fọ abọ́ lọ. Ó gbé e sórí, ó lọ.

Àwọn tó wà níbẹ̀ ló ròyìn fún wa. Wọ́n ní ó jókòó sísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín gbogbo wọn, ó ní, "Mi ò gba Amponsah," wọ́n sì gbọ́ ọ. Háà, wọ́n gbọ́ ọ! Fosu fò dìde, ó pè é ní àjẹ́, ó pè é ní alákọrí. Ama Konadu bẹ̀rẹ̀ láti orí adìyẹ, ó bú u dé orí ìran rẹ̀. Àwọn kan dìde pé òótọ́ ni ìyá ń sọ, kò sẹ́ni tó dárúkọ Amponsah, ariwo ta, ìlú sì pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ náà títí di òní. Wọ́n ṣáà fa àpótí náà lábẹ́ rẹ̀, ìdí rẹ̀ balẹ̀ gbì. Wọ́n ní ó ń rẹ́rìn-ín nílẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀dọ̀ wa ló wá. Eruku Nkwantapa wà ní ìdí aṣọ rẹ̀, ó ní ká má gbọ̀n ọ́n. A fún un ní yàrá ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ kejì ó lọ ra kẹ́ńkẹ́, ẹ̀kọ àgbàdo líle wa, lọ́dọ̀ Esi tó ń tà á nítòsí, ó tẹ èyí tó wà lórí igbá, ó tẹ òmíràn, ó tún tẹ òmíràn. Esi tutọ́ sílẹ̀, ó ní, "Ìyá yìí, ṣé ẹ fẹ́ rà á ni àbí ẹ fẹ́ fẹ́ ẹ?" Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Ó dé ilé pẹ̀lú kẹ́ńkẹ́ lọ́wọ́ àti omijé lójú, ó ní, "Abena, èmi ló bú! Ojú mi ló ń wò!"

Òjò àkọ́kọ́ ti wẹ ọyẹ́ nù. Ó wá jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, ó ń bá mi já ewé ìpín. Mi ò tún bi í ní ìbéèrè àwọ̀ mọ́. Ó gbé ewé náà sílẹ̀.

"Pe orúkọ mi."

"Nana..."

"Ìyẹn kọ́. Wọ́n ti gba ìyẹn lọ́wọ́ mi."

Èmi, kí n la ẹnu pe ẹni tó lè bí mi lórúkọ gbàǹgbà? Ojú tì mí. Mo wo Yaw, Yaw ń wo àáké rẹ̀. Mo wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Akua Dufie."

"Kò dún. Pè é dáadáa."

"Akua Dufie!"

"Òóò!" ló dáhùn, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀. "Kí lo fẹ́?"

Mi ò fẹ́ nǹkan kan. Mo tún un pè.